Ya Ìyá Ẹ fún Mi, Má Ya Ojú

Ọjọ́ tí bàbá mi ní kí n ya àwòrán ìyá mi tó ti kú fún òun, mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lójú tirẹ̀, kí ènìyàn jókòó kó máa kun ọ̀dà sára aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán, tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀, aṣọ ló ṣòfò. Bí àlejò bá bi í léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, á ní tíṣà ni mí ní Òdógbolú. Irọ́ kọ́ o. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé-ìwé gírámà kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí tíṣà yẹn ló máa ń dákẹ́ sí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alaásàrì tán lọ́jọ́ náà ni. Ó ṣì wà lórí ẹní ìkírun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n wọlé kí n jókòó.

“Ojú ìyá ẹ ti ń pòórá mọ́ mi lọ́kàn,” ó ní. “Bí mo bá dijú, mi ò rí i dáadáa mọ́. Ya ìyá ẹ fún mi, kí n gbé e kọ́ síbí. Ṣùgbọ́n má ya ojú.”

Mo wò ó bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Yàrá tí bàbá mi ti ń sùn náà ló ti ń kírun, kò sì sí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí kankan lára ògiri ibẹ̀. Bí a ṣe bá a láti kékeré nìyẹn. Ó ní màláíkà kì í wọ ibi tí ojú ènìyàn bá ti ń wo ènìyàn láti ara ògiri. Bí wọ́n bá fún un ní kàlẹ́ńdà níbi ìnáwó, tí ojú olóògbé tàbí ojú ìyàwó wà lókè rẹ̀, sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ ló máa fi gé e kúrò, á wá gbé oṣù àti ọjọ́ nìkan kọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń ṣa àwọn ojú tó gé dànù yẹn, mo ń tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

“Fọ́tò wọn wà nínú àpótí, Bàámi,” mo ní. “Ẹ lè máa mú un jáde kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tún dá a padà.”

“Mo ti wò ó tì. Kì í ṣe òun. Obìnrin tí wọ́n ní kó má mira ló wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni ìyá ẹ ò mira rí?”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ayafọ́tò tó ya ìyá mi ní ìlú yìí ló ní kó na ọrùn, kó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kó dákẹ́. Ìyá mi bẹ̀rù kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Nínú fọ́tò tó wà nínú àpótí, ó le koko, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò jọ ẹni tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lé oníbàárà tó bá ń nájà jù jáde nínú ṣọ́ọ̀bù abọ́ rẹ̀.

Mo ní mo gbọ́, màá yà á. Kì í ṣe nítorí bàbá mi nìkan. Àárò ìyá mi ń sọ mí, ó ń sọ mí débi pé láti ìgbà tó ti kú, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì pé mo fẹ́ yà á, ńṣe ni màá lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì tí n kò tíì tì bọ ọ̀dà. Mo rò pé bí ẹlòmíràn bá bẹ̀ mí, mo lè rí i ṣe. Èmi náà fẹ́ rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ayàwòrán tí mo jẹ́, torí ó ti fa ìyọnu fún mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí. Àwa kan wà tí a kì í ya nǹkan bí ojú ṣe rí i. Yíyọ la máa ń yọ nǹkan kúrò. Bí a bá fẹ́ ya igi, a ó yọ ewé, a ó yọ èèpo, a ó yọ ẹ̀ka, a ó máa wá ohun tó kù tó fi jẹ́ pé igi ni, tí kì í ṣe òpó iná. Olùkọ́ tó kọ́ mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló ní ká ya adìyẹ. A ya adìyẹ tó pé, ìyẹ́ lórí ìyẹ́. Ó ní ká fi rọ́bà pa ìlà kan rẹ́. Ká tún pa òmíràn. Ó ń rìn láàárín wa, ó ń sọ pé, “Ó ṣì wà láàyè. Pa á rẹ́ sí i.” Nígbà tó yá, a kan ìlà kan tó jẹ́ pé bí a ṣe pa á rẹ́ báyìí, adìyẹ kú sórí ìwé, ohun tó kù kò jọ nǹkan kan mọ́. “Dá ìyẹn padà,” ó ní. “Òun gan-an ni adìyẹ.” Ìlà tèmi jẹ́ ti ọrùn, níbi tó ti ń yọrí síwájú bí ẹni tí wọ́n pè tí kò fẹ́ dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Kò sì yẹ kó ṣòro fún Ìjẹ̀bú láti lóye, ṣebí omi tí wọ́n fún kúrò lára ẹ̀gẹ́ ló jẹ́ kí gààrí wa dá yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún Ìjẹ̀bú pé kó dín nǹkan kù kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Àwa tó jẹ́ pé bí aṣọ bá dán, a ó ní kí wọ́n tún fi nǹkan sí i lọ́rùn. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan rí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan ní Òdógbolú, àwọ̀ pupa kan àti dúdú kan, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ìgbà wo lẹ máa parí ẹ̀?”

Yàrá tí ìyá mi máa ń kó ọjà pamọ́ sí lẹ́yìnkùlé ni mo ti ń yàwòrán. Ibẹ̀ ni mo wọ̀ lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé fún bàbá mi kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo kó abọ́ tánganran sí i, mo kó ìborí, àdìrẹ, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àti pupa ìrọ̀lẹ́ sí i. Bàbá mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Ọjà ẹ̀ nìyí,” ó ní. “Òun dà?”

Mo padà sí yàrá ọjà, mo yọ gbogbo rẹ̀, ó ku ìborí funfun nìkan, ó ń ṣàn wá sílẹ̀ lórí àwọ̀ eérú. Mo gbà pé ó dára. Mo tilẹ̀ gbà pé ó dára gan-an. Bàbá mi ní, “Gbogbo Àlhájà tó wà ní ìlú yìí nìyí. Èwo ni tèmi níbẹ̀?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí torí mo mọ̀ pé ó tọ̀nà. Bí ènìyàn bá ń yọ nǹkan láìmọ ohun tó ń wá, ibi tí gbogbo ènìyàn ti jọ ara wọn ló máa já sí.

Ẹ̀kẹta ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ya ohun dúdú kan tó dúró gbọn-in, mo wá fi nǹkan róbótó kan lé e lórí, ìyẹn àtẹ abọ́ tó ń kiri pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbé e kọ́ sára ògiri kí bàbá mi tó ti ilé ìwẹ̀ dé. Ó wọlé, àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó rí i, ó dúró.

“Orí nìyẹn.”

“Àtẹ abọ́ ni, Bàámi.”

“Orí ni. Ó ń wò mí.”

Ó yọ ọ́ kúrò lára ìṣó fúnra rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri, ó tẹ́ ẹní rẹ̀. Ó tún kù díẹ̀ káàtó: mo wá rí i pé ògiri gábàsì, tó máa kọjú sí láti kírun, ni mo gbé e kọ́ sí, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí bàbá mi máa forí balẹ̀ fún àtẹ abọ́.

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì kí n sì lọ. Ṣùgbọ́n inú máa ń tètè bí mi, ìyá mi ni mo fi jọ. Bó ṣe sálámà tán, mo ní, “Kí gan-an lẹ fẹ́ ná, Bàámi? Ẹ ò fẹ́ ojú, ẹ ò fẹ́ orí, ẹ ò fẹ́ aṣọ, ẹ ò fẹ́ abọ́.”

“Ìyá ẹ ni mo fẹ́,” ó ní.

Ohùn rẹ̀ já lórí ọ̀rọ̀ náà. N kò gbọ́ kí ohùn bàbá mi já rí, títí kan ọjọ́ tí a sìnkú. Mo gbé àwòrán náà lọ sí yàrá ọjà, mo jókòó sáàárín àwọn páálí tí wọ́n fi ń kó abọ́, mo sì sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Onígbàgbọ́ ni wọ́n nínú ilé tí wọ́n ti bí ìyá mi. Ìgbà tó fẹ́ bàbá mi ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Ojú ènìyàn kún ògiri pálọ̀ àǹtí mi yìí tó bẹ́ẹ̀ tí màláíkà kankan kò ní rí àyè dúró. Ìyá mi wà níbẹ̀ náà, ó na ọrùn, ọwọ́ wà lórí orúnkún. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

“Àlhájì fẹ́ ìyàwó tí ò lójú! Ẹ gbà mí o. Ẹni tó jẹ́ pé ojú yẹn gan-an ló rí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pààrà ilé wa!”

Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ó ń sọ ìtàn ìyá mi fún mi bí mo ṣe ń jẹ, ọ̀kan ń fa òmíràn: bó ṣe bá olórí ìyálọ́jà jà, bó ṣe ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin tí kò sì mọ orin í kọ. Mo ń rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì ń wúwo, torí gbogbo rẹ̀ tún ń pọ̀ sí i ni, kò dín kù. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí.

“Ìwọ, iwájú lo ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé ẹ lẹ́sẹ̀, ó ń wo ojú ẹ, ìwọ náà ń wo tiẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ni ọkọ ẹ̀ ti máa ń wò ó? O ti ń yà á láti ọjọ́ yìí, o ò bi bàbá ẹ léèrè ibi tó máa ń wà tó bá ń wò ó?”

N kò bi í. Mo fi òtítọ́ sọ ọ́, kò wá sí mi lọ́kàn pé bàbá mi ní ibì kan tó ti ń wo ìyá mi tó yàtọ̀ sí tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá a níwájú ilé níbi tó ti ń yá oòrùn. Mo bi í. Kò tilẹ̀ rò ó.

“Ẹ̀yìn,” ó ní. “Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Bí mo bá ti ọjà dé lọ́sàn-án, kí wọ́n tó pe ìrun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń wà, lórí ẹní, torí atẹ́gùn. Ó máa ń kọjú sí àgbàlá. Kì í wẹ̀yìn o. Ó ti mọ ẹsẹ̀ mi. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi báyìí, á kó aṣọ ẹ̀ mọ́ra, á sún.” Ó na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹní yẹn fẹ̀. Etí ẹní ló tiẹ̀ máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kò sídìí kankan tó fi yẹ kó sún. Ṣùgbọ́n mi ò dé rí kó má sún fún mi.”

“Kí lẹ máa ń bá ara yín sọ?”

“Kí la fẹ́ sọ? Mo máa ń jókòó ni.”

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. N kò rí ìsún yẹn rí, tàbí mo rí i tí n kò mọ̀ pé nǹkan ni.

Mo kan kánfáàsì tó tóbi jù nínú èyí tí mo ní mọ́ igi, mo sì kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀ sí i, bí olùkọ́ wa ṣe ní ká ṣe: àgbàlá, igi ìbẹ́pẹ, ẹní pẹ̀lú ọnà etí rẹ̀, obìnrin tó kọ̀yìn, àdìrẹ tó ró, gèlè tó ti tú díẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo yà, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ ló jáde. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Àgbàlá lọ, kò dùn mí. Ìbẹ́pẹ lọ, ọnà ẹní lọ. Mo yọ iṣẹ́ àdìrẹ, ó ku aró. Nígbà tó kan àpá iná tó wà ní ìgúnpá rẹ̀, èyí tó gbà níbi tó ti ń fà mí kúrò nídìí ààrò, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo tún gbé e, mo kun ọ̀dà bò ó. Mo bo ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí irun funfun ti máa ń yọ lábẹ́ gèlè. Mo dúró sẹ́yìn, mo wò ó. Ó ṣì wà láàyè. Mo yọ èjìká.

Ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àwọ̀ koríko gbígbẹ, tó fẹ̀, tó gba gbogbo kánfáàsì, àti aró kan tó fẹ̀gbẹ́ ti etí ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta. Láàárín aró àti koríko náà, mo fi ibì kan sílẹ̀ tó mọ́ díẹ̀ ju ìyókù lọ, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò tí ẹní ṣì gbóná. Mo pa ibi mímọ́ yẹn rẹ́ láti dán an wò. Ohun gbogbo kú. Mo dá a padà.

Mo gbé e lọ fún bàbá mi. Ó mú awò ojú rẹ̀, ó tún bọ́ ọ. Ó pẹ́ gan-an níwájú rẹ̀. Kò ní ó dára, kò ní kò dára. Ohun tó sọ ni pé, “Má gbé e sókè o. Ta ló ń jókòó sókè ògiri?” Ìsàlẹ̀ ló ní kí n kàn án mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lára ògiri tí kì í kọjú sí bó bá ń kírun, tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo kàn án bẹ́ẹ̀. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ì bá ní wọ́n kò tíì gbé e kọ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó ti mọ́sálásí dé. Ó bọ́ bàtà. Kò pè mí, kò ní kí n bu omi wá. Ó wọ yàrá rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí a ti sìnkú.

“Mo ti dé o.”

Mo ti la ẹnu láti kí i káàbọ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo yọjú. Ó ti jókòó sílẹ̀, níbi tí àwòrán náà wà, ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wo ojú fèrèsé. Kò tilẹ̀ wo ohun tí mo yà. Ó kàn jókòó tì í ni. Inú mi dùn débi pé mo gbá ẹnu mi mú kí n má baà kígbe.

Nígbà tó jáde lọ kírun Mọ̀gàríbì, mo wọlé. Ó ti tó àkókò kí èmi náà rí i. Mo jókòó síbi tí bàbá mi jókòó sí, mo sì wò ó.

N kò rí i. Mo wo aró yẹn títí ojú fi ń ta mí, aró ni. Ìyá mi kò kọ ẹ̀yìn sí mi rí. Bí èmi bá wọlé, gbogbo ara ló fi máa ń yí sí mi, á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran, á ní mo ti rù, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á sì ti dìde kí n tó dáhùn. Kò sún fún mi rí, torí kò jókòó dè mí rí. Ojú ni ìyá tèmi. Àpá iná yẹn ni, irun funfun yẹn ni, èmi fúnra mi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣì wà láàyè. Ìyàwó bàbá mi ni mo yà. Mo gbìyànjú láti rántí bí ìyá mi ṣe rí lójú nígbà tó bá ń bi mí léèrè oúnjẹ yẹn, n kò rí i kedere mọ́.

N kò gbọ́ ìgbà tí bàbá mi dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń dúró dè mí.

“Dìde, ọmọ mi,” ó ní. “Èmi ló sún fún.”

Mo dìde. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.